Bírò Pupa

Èmi ni mò ń mú ìwé ìwọlé
ní ilé búrẹ́dì Ṣóbándé, l'Áṣẹ̀rò.
Bírò búlúù fún ẹni tó wá,
bírò pupa fún ẹni tí kò wá.
Aago márùn-ún ìdájí, kí kọ̀rọ̀pẹ́ àkọ́kọ́ tó ti Ọbáńtókò dé,
mo ti jókòó sẹ́nu géètì bí ajá onílé.

Ọdún mọ́kànlá. Mo ti kọ pupa títí ó fi sú bírò.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Wúràọlá Ṣómóyè wá. Mo kọ búlúù.
Ó dúró ti ààrò, ó ń yọ búrẹ́dì,
ó fi ọwọ́ kejì di ikùn mú
bí ẹni gbé ìkòkò gbígbóná tí kò rí ibi sọ̀ ọ́ sí.
Nígbà tó di aago mẹ́jọ, ó rọra jókòó lórí àpò fúláwà.
Nígbà tó dìde,
ohun tí kò sí nínú ìwé mi
ti wà lára àpò.

Aṣọ funfun ni ọ̀gá ní ká máa wọ̀,
kí oníbàárà lè mọ̀ pé a mọ́.

Àwọn tó ń po fúláwà kọjú sí ògiri.
Tìjání, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́,
bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀, ó nà án sí i,
kò wò ó lójú, kò sọ nǹkan kan.

Tèmi ti dáwọ́ dúró lọ́dún tó kọjá.
Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá ni mo fi kọ búlúù
síwájú orúkọ ara mi, tí mò ń fi eyín pa eyín.
Mo gun àtẹ̀gùn lọ bá ọ̀gá.
Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, mà, ọjọ́ kan péré lóṣù,
fún ẹni tí inú ń run. Ẹ má yọ owó rẹ̀."

Ìyá Ṣóbándé bọ́ awò ojú.
"Mopélọ́lá, èmi tí ò ń wò yìí,
mo ru sìmẹ́ńtì nígbà tí a ń kọ́ ilé yìí,
ó ń ṣàn lẹ́sẹ̀ mi, mo fi ìró kejì dì í.
Ta ló ní kí n sinmi?
Obìnrin mẹ́rìnlá ni mo gbà síṣẹ́.
Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni n ó máa sanwó rẹ̀ lófo.
Bó bá yá, n ó gba ọkùnrin nìkan,
ẹ ó sì ní mo ṣìkà."

N kò lè pè é ní òpùrọ́.
Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ìṣirò tèmi ń bá mi bọ̀:
ṣé èmi ni n ó máa ka oṣù ọmọ ọlọ́mọ,
kí n máa béèrè lẹ́nu géètì,
"Ó ti dé ni, àbí kò tíì dé?"
Ìtìjú náà a máa gba owó iṣẹ́ tirẹ̀.

Síbẹ̀.
Orúkọ kan náà la sọ méjèèjì:
owó oṣù, nǹkan oṣù.
Èyí tí kì í jẹ gbèsè, a kì í dárúkọ rẹ̀.
Èyí tó máa ń pẹ́ di ọjọ́ kẹwàá,
òun là ń kọ gàdàgbà sára ògiri.

Àwọn baba wa sá dé abẹ́ òkúta ìlú yìí,
ó rẹ̀ wọ́n, ara ń ro wọ́n.
Òkúta kò ní, "Ìwé dókítà yín dà?"
Inú ìsinmi wọn la ti rí ìlú.

Lọ́jọ́rú, ọjọ́ tí nǹkan rú,
Wúràọlá kò wá.
Mo ṣí bírò pupa, mo gbé e dání títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ.
Mo mú búlúù. Irọ́ ni.
Pẹ́ńsù kan wà lẹ́yìn etí Tìjání, mo yá a,
mo kọ "oṣù" sínú àpótí kékeré náà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́,
kí ọ̀gá lè rí i bó bá fẹ́ rí i,
kó sì lè pa á rẹ́, bí ọwọ́ rẹ̀ bá gbà á.

Ìparí oṣù ló máa ń ṣí ìwé.
Òní ọjọ́ kẹtàdínlógún.