Mo Lọ Wo Ilẹ̀

Oṣù Èrèlé ni mo mọ̀ọ́mọ̀ yàn:
ilẹ̀ kì í purọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.
Mo gba ọ̀nà Ìkòyí kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́,
okùn gígùn lọ́wọ́, ìwé lápò.

Mo sọ okùn sínú kànga Láògún,
ogún ìgbọ̀nwọ́ kó tó kan omi.
Mo bu yẹ̀pẹ̀, mo fi ahọ́n tọ́ ọ wò.
Mo ka páànù tí ìjì ti ṣí.
Ọdún tí odò kún, ibo ló dé?
Ó fẹsẹ̀ tọ́ka sí ẹ̀yìn àká.
Bí ọ̀nà bá dí, bí epo bá wọ́n, bí ìlú bá dàrú?
"Gbodo èṣí ṣì wà lájà."
Mo ń kọ ọ́.

Baba wá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀
bí ẹni ń yẹ ewúrẹ́ wò:
"O ti wọn kànga mi.
Ìwọ ńkọ́? Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?"

Bírò mi dúró. Ọgbọ̀n ọdún ní ọ́fíìsì!
Mo ní, "Mo lè tún rédíò ṣe."

Kò fèsì. Ó wọlé,
mo gbọ́ tó ń tú ẹrù,
ó gbé ọ̀kan jáde, aláǹtakùn ti fi ṣelé.