Rádíò Tí Kò Fọhùn

"Wọ́n ní kí n lọ ya rádíò," ni Bàbá Wórù wí,
"mo yà á, mo sanwó, mo gbé e sétí,
kò fọhùn."
Ó na àpòòwé pẹlẹbẹ sí mi,
eruku pupa ọ̀nà odò Ọ̀pàrá ṣì wà létí rẹ̀.

Iná ti lọ láti àárọ̀, àpótí ìmọ́lẹ̀ wa kò tàn.
Ni mo bá gbé fíìmù náà sójú fèrèsé.
Àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ yọ lẹ́yìn rẹ̀,
òkè wọ inú orúnkún, orúnkún wọ inú òkè,
mo sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ó fi ku ojú ọ̀run nìkan.

Mo kọ́kọ́ wá lẹ́tà tó wà ní igun:
G, òsì. Ẹsẹ̀ òsì náà ló ń wọ́. Ó dáa.
Ọ̀gá mi àtijọ́ ní Pàràkú máa ń sọ pé
ẹni tí kò wo lẹ́tà
yóò pe ẹsẹ̀ aláìṣẹ̀ lẹ́jọ́.

Funfun ni eegun, torí ó dí ìtànṣán lọ́nà;
dúdú ni afẹ́fẹ́, tó ní kó máa kọjá;
ẹran ara wà láàárín wọn bí eérú àná.
Àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ tó la eegun méjì,
má pè é ní òfìfo: kerekere ló ń gbé ibẹ̀,
fíìmù ni kò rí i.

Ojú kan kò tó. Mo yọ èkejì, èyí tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́.
Igi kaṣú tó dúró ṣánṣán níwájú rẹ,
yí ká lọ wò ó, ó lè ti fì.

Ṣùgbọ́n orúnkún Bàbá Wórù mọ́ bí àwo tuntun.
"Ṣé irọ́ ni mò ń pa nígbà náà?"
"Rárá, Bàbá. Eegun ni rádíò yìí ń ròyìn,
kò gbọ́ nípa oró."

Mo ní kó sùn. Mo di gìgísẹ̀ rẹ̀ mú,
mo ká ẹsẹ̀ náà, mo rọra yí i sínú,
bàbá ké, ewúrẹ́ àgbàlá sá.
Orúnkún ló tọ́ka sí;
ìgbáròkó ló ké.

"Ṣé ẹ ṣubú?"
"Àní lórí kaṣú. Kékeré ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Mo ṣì ń lọ oko."
N kò fọwọ́ kàn án mọ́. N kò ní kó nà, n kò ní kó tẹ̀.
Mo kọ̀wé padà sí dókítà: ẹ bá mi ya ìgbáròkó,
iwájú àti ẹ̀gbẹ́. Mo fa ìlà méjì sábẹ́ "ẹ̀gbẹ́".

Ìrọ̀lẹ́ ni fíìmù dé.
Ìlà kan, tín-ín-rín bí irun orí,
gba ọrùn eegun itan kọjá. Kò tíì yẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi gbé ilé àti oko
lórí irun yẹn.

Lórí ibùsùn, kí wọ́n tó gbé e lọ síbi iṣẹ́ abẹ,
ó béèrè fún ti orúnkún.
"Ẹ fún mi ní èyí tí kò jẹ̀bi,
n ó fi dí ojú fèrèsé mi tó fọ́."