Ẹ̀kán Òróró

Ìrì dídì ti dé orúnkún ẹṣin kí n tó dé ilé Sairagul,
lóru oṣù Kìíní, lẹ́yìn òkè Kara-Bulun.
Mo fi ìgò oògùn sí àárín ẹ̀wù onírun àti àwọ̀tẹ́lẹ̀:
kó má dì, kó má sì gbóná.
Wọ́n ti fi aṣọ pupa bo fèrèsé.
Aṣọ pupa lórí ibùsùn, aṣọ pupa lọ́rùn ọmọ.
Ìyá àgbà Batma ní pupa ní í pe pupa jáde,
pé bí èéyí bá rí ojúgbà rẹ̀ lára aṣọ, á bá a lọ.
N kò ṣí i kúrò. Aṣọ kì í pa ọmọ.

Ulukman, ọmọ ọdún mẹ́rin,
ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná,
ó ń wúkọ́ bí ajá tí okùn fún lọ́rùn.
Mo fi aago ọwọ́ mi ka èémí rẹ̀.
Mo tún un kà, nítorí iye náà kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Bolot dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òórùn àgùntàn lára.
"Èwo nínú àpò yẹn ló ń pa kòkòrò náà?"
Ilé kọkànlá rèé láàárín ọ̀sẹ̀ kan
tí wọ́n ti bi mí léèrè yìí.
Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, Bolot;
tàgbà náà kò tó ibi tí eléyìí jókòó sí.
Wọ́n ní oògùn kan wà nílé ìwòsàn ńlá ní Bishkek
tí àwọn dókítà ń dán wò nígbà tí èémí ọmọ bá fẹ́ tán.
Kò sẹ́ni tó lè búra lé e.
Ọ̀nà sì ti dí láti ọjọ́ Ẹtì.
Èyí tó wà lọ́wọ́ mi nìyí:

hóró kan aláwọ̀ wúrà, kò ju èso àjàrà gbígbẹ lọ.
Mo fi àlùmágàjí gé e lẹ́nu.
"Ulukman, yanu bí ọmọ idì."
Ó yanu.
Ẹ̀kán kan. Òmíràn. Mo fún un títí hóró fi rọ.
"Òróró?" ni Bolot wí. "Ọ̀rá àgùntàn kún ilé mi."

Báwo ni n ó ṣe sọ ọ́ pé èéyí kì í dá jalè?
Bó bá wọlé, á kó oúnjẹ ojú,
á ha ọ̀nà ọ̀fun,
á wá ṣílẹ̀kùn fún òtútù àyà àti ìgbẹ́ gbuuru,
ara tí ì bá sì jà á ti dà bí ọmọ ogun tí kò jẹun láti àná.
Òróró yìí kì í ṣe ọfà.
Oúnjẹ ọmọ ogun ni.
Ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́la. Ìyókù di ọwọ́ ara rẹ̀.

Aizirek, oṣù márùn-ún, ń rẹ́rìn-ín sí àtùpà,
kò tíì sí nǹkan kan lára rẹ̀.
Òun ló ni ìgò náà.
Ogun àyálò ló wà níbẹ̀,
tí wọ́n fà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti bá èéyí jà rí:
bóyá olùkọ́ kan ní Osh, bóyá awakọ̀,
obìnrin kan tí a kò ní mọ orúkọ rẹ̀ láé.
Ìyá àgbà gbọ́. Ó ká apá ẹ̀wù sókè,
ó na ọwọ́ gbígbẹ sí mi:
"Mo bá a jà nígbà tí mo kéré. Fa tèmi."
Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà n kò lè rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án mo ti wá síbí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àjẹsára.
Sairagul ní kí n padà wá bí wọ́n bá kó koríko tán.
Koríko tán. N kò padà.
Àwa méjèèjì jókòó ti ọmọ náà títí ilẹ̀ fi mọ́,
kò sẹ́ni tó dárúkọ oṣù Kẹsàn-án.

Nígbà tí mo gé hóró kejì lẹ́nu,
Ulukman yí ojú sí ògiri:
ó ní ó ń rùn bí ẹja.
Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún.
Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí ọmọ náà kò ti jiyàn.