Ọgọ́rùn-ún Hóró

Ọgọ́rùn-ún hóró ni bàbá mi í kà sórí pákó
ní sítọ́ọ̀ kòkó, ní Yábà ti Oǹdó.
Ọ̀bẹ rẹ̀ kúrú, ó mú bí ahọ́n àna.
A là á sí méjì, a gbé e síbi ìmọ́lẹ̀:
èyí ti bu,
kòkòrò ti gbélé nínú èyí,
èyí dúdú bí síléètì.
"Má wo èèpo, Mosúnmọ́lá.
Èèpo kòkó a máa parọ́."

Lónìí, ní Àkúrẹ́,
nínú yàrá tí jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ ká gbọ́rọ̀ ara wa,
mò ń gé ọpọlọ èkúté
fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ju awọ àlùbọ́sà lọ.
Mo tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, mo fojú mọ́ awò.
Àwọn aṣọ́nà kéékèèké nìyẹn,
tí Ẹlẹ́dàá fi sínú agbárí pé kí wọ́n máa kó pàǹtí.
Nígbà èwe, apá wọn a gùn, a tẹ́ẹ́rẹ́,
wọn a máa fi tọ́ ohun gbogbo wò jẹ́jẹ́.
Àwọn wọ̀nyí ti wú. Wọ́n ti ká apá kò.
Pàǹtí kò tán,
iná tí wọ́n dá láti fi sun ún
ti ran àjà.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wá
ohun tí a lè bù sí iná yìí
tí kò ní pa aṣọ́nà fúnra rẹ̀.
Ogún èkúté lo oògùn náà,
méje ló rántí ọ̀nà èbúté nínú omi.
Méje.
N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.
Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń sọ pé ayé ni,
pé ká gbé bàbá lọ sórí òkè.

Sátidé, mo ré Ọ̀wẹnà kọjá.
Ó jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
bàtà òsì lẹ́sẹ̀ ọ̀tún.
"Ìyádùnní, o pẹ́ lódò."
Ìyádùnní, àbúrò rẹ̀, ti kú kí wọ́n tó bí mi.
Mo ní, "Ẹ má bínú, èrò ló pọ̀."

Mo da kòkó gbígbẹ sí i lọ́wọ́.
Ọ̀bẹ kò sí; mo ti gbé e pamọ́ láti oṣù Òkúdù.
Ó feyín là ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀.
"Èyí ò gbẹ dénú. Ẹ dá a padà sóòrùn."
Òótọ́ ni. Kò gbẹ dénú.

Mo fẹ́ bi í pé ta ni mí.
Mo fà pákó sún mọ́ ọn,
a jọ bẹ̀rẹ̀ sí kà:
ó dé èjìdínlógójì, ó dákẹ́,
ó wò mí,
ó tún mú ení.