Táwà Padà Lọ Kí Ilé

Ó di oṣù méjì tí a kó dé Òkè-Baálẹ̀,
Táwà kò tíì tú àpò ìwé rẹ̀.
Bàtà lẹ́sẹ̀ ló fi ń sùn.
"Ìgbà wo la máa lọ sílé?"
Mo ní, "Ilé nìyí." Ó wo àjà,
ó wò mí bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó.

Ìyá rẹ̀ wà n'Ílọrin, bàbá rẹ̀ wà níbi tó wù ú.
Èmi àbúrò ìyá, kí ni mo mọ̀?
Mo pa àlàyé tì.
Ní Sátidé, a gun ọ̀kadà
lọ sẹ́yìn rélùwéè.
Wọ́n ti kun ilé ní funfun.
Àmì èédú tí a fi ń wọn gíga rẹ̀
ti wọ abẹ́ ọ̀dà lọ.
Ó fọwọ́ pa ògiri: "Ó wà níbẹ̀."
Mi ò já a níyàn.

Ọmọkùnrin kan yọjú, ìka lẹ́nu,
ẹrù wọn ṣì wà nínú páálí.
Táwà lóṣòó tì í:
"Ẹ̀rọ yẹn máa ń kán lóru. Kì í ṣe iwin.
Ṣáà máa kà á.
Kó o tó dé ogún, wàá ti sùn."

Lálẹ́, ó bọ́ bàtà kan.
Èkejì wà lẹ́sẹ̀.
Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.