Ẹyẹ Tí Kò Dúró De Kámẹ́rà

Sátidé, ìparí oṣù kẹwàá, òjò ń palẹ̀ mọ́,
ó ń ká ẹní rẹ̀ lórí òkè Ìsẹ̀
bí àlejò tó mọ ìgbà tó yẹ kó lọ.
Ọlọ́kadà sọ̀ mí kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà igbó ọba,
ó wo kámẹ́rà ọrùn mi:
"Ṣé ìgbéyàwó wà nínú igbó ni?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ìyàwó ò tíì múra tán.

Famúrewá, ẹ̀ṣọ́ igbó, ṣí ìwé ńlá kan síwájú mi.
Orúkọ: Moróunfólú Adéṣuyì. Iṣẹ́: apoògùn.
Ìdí àbẹ̀wò: ẹyẹ.
Ó fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ yẹn, ó rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n.

Kámẹ́rà tòkunbọ̀ ni, owó àjọ oṣù mẹ́jọ.
Bátìrì rẹ̀ kì í rí ọ̀sán.
Ìlà kan wà lójú gíláàsì rẹ̀, tín-ín-rín bí irun,
gbogbo ẹyẹ tí mo bá yà ló ń gbé e kọ́ apá.

Ọyẹ́ ò tíì dé. Ó kàn rán ọmọ níṣẹ́ ni,
afẹ́fẹ́ kékeré kan tó ń gbẹ mí létè.
Ìrì mu ṣòkòtò mi dé orúnkún,
òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́bàá títì ṣì ń tẹ̀ lé mi bọ̀.

Òpẹ̀ẹ̀rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀,
ó ń ro ẹjọ́ tẹ́nì kankan ò bi í.
Mo yà á. Ẹ̀yìn nìkan.
Olongo mẹ́rin bà lé orí eéran kan ṣoṣo,
eéran tẹ̀, wọn ò já bọ́.
Mo yà wọ́n: mo rí eéran,
mo rí ibi tí olongo wà tẹ́lẹ̀.

Lókè odò, àwọn alápàándẹ̀dẹ̀ ti dé láti ìlú òtútù.
Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àbúrò mi Fìjàbí lọ síbi tí wọ́n ti ń bọ̀.
Ó pè mí lálẹ́ àná: ewé ń já níbẹ̀, ó ní,
gbogbo igi pọ́n bí ẹni tí inú ń bí.
Mi ò ya alápàándẹ̀dẹ̀ kankan.
Wọ́n yára ju ìka mi lọ,
mo sì ń ronú owó ilé rẹ̀.

Àgbìgbò ni mo bá wá.
Wọ́n ní ọ̀kan ṣì kù, olórí ńlá,
pé ìyẹ́ rẹ̀ ń dún bí ẹni ń fa ayùn.
Mo dúró sábẹ́ àfàrà, mo di èémí mú.
Mo gbọ́ ọ!
Ó ń bọ̀ láti ìkọjá odò, ó ń sún mọ́,
mo gbé kámẹ́rà sókè, ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Ayùn ni.

Nígbà tó dákẹ́, nǹkan ńlá kan wó.
Òpẹ̀ẹ̀rẹ̀ pàápàá pa ẹnu dé.

Ọmọkùnrin kan yọ láti oko kòkó,
kànnàkànnà lọ́rùn rẹ̀ bí kámẹ́rà ti wà lọ́rùn mi.
A wo ara wa bí ọdẹ méjì lórí ipasẹ̀ kan.
"Kí lẹ pa?"
"N kò pa nǹkan kan."
"Èmi náà."
Mo fi òpẹ̀ẹ̀rẹ̀ mi hàn án. Ó wò ó pẹ́.
"Ẹ̀yìn rẹ̀ nìyí. Ojú rẹ̀ ńkọ́?"
Bátìrì kú kí n tó dá a lóhùn.

Lẹ́nu ọ̀nà, ìwé ńlá tún ń dúró dè mí.
Ohun tí ẹ rí:
Òpẹ̀ẹ̀rẹ̀, ọ̀kan. Olongo, mẹ́rin.
Alápàándẹ̀dẹ̀, n kò lè kà wọ́n.
Ayùn.
Famúrewá wo ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, kò rẹ́rìn-ín.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà rẹ̀.
"Apá ibo?" ló ní.