Elégédé Orí Òrùlé

Òun nìkan ló kù lórí òrùlé láti ìgbà ìkórè.
Ìrì dídì ti kùn ún ní funfun,
èèpo rẹ̀ ti le bí àtẹ́lẹsẹ̀ darandaran.
Tránsito, ìyá ọkọ mi, fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì,
ó tẹ́tí sílẹ̀
bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tó mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀.
"Ó ti tó. Ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀."

Oṣù Keje ni. Ní àfonífojì wa lábẹ́ òkè Andes,
oṣù Keje ni òtútù máa ń já ni létí jẹ.

Ọ̀bẹ kò ràn án. Àáké ni mo fi bẹ́ orí rẹ̀,
díẹ̀díẹ̀, yípo, kí ọrùn má baà ya.
Wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́;
èyí tí mo bẹ́ yìí, màá dá a padà sọ́rùn,
òun ni ọmọrí ìkòkò lálẹ́ òní.

Mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá.
Inú náà tutù, ó pọ́n bí pupa ẹyin,
hóró ń yọ̀ bọ̀rọ̀ láàárín ìka mi.
Mo fi ṣíbí ha á títí ó fi mọ́.
Mo fi bọ́tà pa á, mo wọ́n ṣúgà sí i,
mo da mílíìkì ife kan sí i, mo mì ín.
Ìyá ń wò mí láti orí àpótí:
"Inú tí ẹ ò bá kọ́kọ́ tù,
ẹran wo lẹ fẹ́ kó sí i tí yóò dùn mọ́ ọn?"
Mi ò mọ̀ bóyá elégédé ló ń bá wí.

Nítorí oṣù mẹ́ta rèé
tí Nicanor ọkọ mi àti Delfor àbúrò rẹ̀ kò kí ara wọn.
Omi ni. Ojú omi tó ń ṣàn wọ oko,
òru Ọjọ́rú, ta ló ni ín?
Ẹnìkan ṣí i, ẹnìkan dí i,
àgbàdo ẹnìkan gbẹ.

Mo gé ẹran màlúù kéékèèké,
Ìyá kì í jẹ ẹran tí ẹ̀rọ ti bá a rún lẹ́nu.
Àlùbọ́sà mẹ́rin. Ata pupa lílọ̀.
Àgbàdo tó ti sùn nínú omi láti àná.
Èso píìsì gbígbẹ mẹ́fà, tòun ti kóró:
Delfor fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré,
Nicanor kórìíra ohun dídùn nínú ọbẹ̀.
Mo kó o sí i. Èmi ni mo ń sè é.

Mo ju háhá àgbàdo kan sínú ààrò amọ̀,
mo ka ení dé ẹ̀wá kó tó pọ́n. Ó yá.

Delfor dé pẹ̀lú búrẹ́dì lábẹ́ apá,
ó jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn bí àlejò.
Ìyá ké láti inú ilé, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni:
"Ẹ gbé e wá!"

Nicanor fa àwo irin jáde, ó gbé e dìde.
Kàà! Ìdí elégédé sán,
ọ̀rá pupa ń kán sí bàtà rẹ̀.
N kò tíì yanu tí Delfor fi dìde,
ó ká aṣọ ìnuwọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìdí rẹ̀ mú.
Wọ́n ń rìn ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ bí alákàn,
láti ìdí ààrò la àgbàlá kọjá,
elégédé láàárín àyà wọn, ooru ń bò wọ́n lójú.
"Àtẹ̀gùn wà lẹ́yìn rẹ," Nicanor wí.
"Mo rí i."

Wọ́n ní bí omi bá dànù, tí agbè kò bá fọ́, a ó tún omi pọn.
Tiwa, agbè ló sán,
omi kò dà tán.

A jẹun. Ṣíbí ń ha ògiri ìkòkò náà mọ́ ẹran,
àwọn ọmọ ń jà sí ọmọrí.
Nicanor rí píìsì nínú àwo rẹ̀.
Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.
Ó fi ṣíbí bù ú, ó na ọwọ́ kọjá iyọ̀ àti búrẹ́dì,
ó jù ú sí àwo àbúrò rẹ̀: kó.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ omi.
Mo kó hóró sá sórí páànù.
Ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Ọjọ́rú ń bọ̀.